Ẹ Wo Yìnyín Kí Ẹ Tó Mú Aṣọ Inú Jákẹ́ẹ̀tì

Bàbá Shukurat,

Ẹ má tíì fọwọ́ kan àwo méjì tó wà lórí tábìlì, ẹ ka ìwé yìí tán ná. Shukurat kọ́ ló bá mi kọ ọ́, èmi fúnra mi ni.

Lẹ́yìn ìrun àárọ̀, mo gé yìnyín ọjà mi sí méjì ọgbọọgba. Mo fi aṣọ pupa tó ń dán, tí ẹ fẹ́ kí Nùréènì télọ̀ fi tẹ́ inú jákẹ́ẹ̀tì awọ yín, wé ọ̀kan. Mo fi wúùlù aláwọ̀ eérú wé èkejì. Nùréènì ń kọjá lọ, ó yọjú, ó ní, "Ìyá oníyìnyín, ṣé omi tútù la fẹ́ fi rán jákẹ́ẹ̀tì ni?" Mo ní kó máa rẹ́rìn-ín lọ.

Nígbà tí mo tú wọn wò, ti pupa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di omi tán. Ti wúùlù ṣì tó ìkúùkù mi. Aṣọ tí kò jẹ́ kí ooru ráyè bá yìnyín kò ní jẹ́ kí òtútù yàrá ẹja dídì tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ ráyè bá àyà yín. Mo ń gbọ́ ikọ́ yín lójú oorun.

Wúùlù a máa yún ni lọ́rùn, mo mọ̀. Ẹ wọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Lóde SAP tí gbogbo nǹkan ti wọ́n gógó yìí, ẹ̀ẹ̀kan la lè rán an.

Ẹ bá Nùréènì kó tó lọ kírun Jímọ̀. Àwo ọbẹ̀ yín ni mo lò, ẹ má bínú. Mo ti lọ tajà ní Oregun.

Bí ẹ bá sùn kọjá aago mẹ́wàá, omi lẹ máa bá nínú méjèèjì. Ẹ má tìtorí ìyẹn lọ mú pupa.

Ìyá Shukurat