Gáùn Dúdú Náà Ò Ní Lẹ̀ Mọ́ Ọ Mọ́

Venla ọmọ mi,

Má tíì wọ gáùn o! Kọ́kọ́ fi ìpara pa ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì dé itan, kí o wá fi háńgà onírin tí a fi ń kọ́ aṣọ ra inú gáùn náà látòkè délẹ̀. Mo wọ̀ ọ́ wò láàárọ̀ yìí, kò lẹ̀ mọ́ mi rárá. Ológbò ló jìyà ẹ̀: kí n tó rántí háńgà, mo fọwọ́ kan ológbò náà, iná tó máa ń wà nínú aṣọ gbígbẹ ta sí i nímú, ó sì sá sábẹ́ àga. Bá mi bẹ̀ ẹ́.

Àwọn tó fi ọ́ rẹ́rìn-ín lánàá nígbà tí gáùn ń wé mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ta ló lóhùn bíi tìẹ nínú wọn? Má sọ fún mi mọ́ pé o ò ní kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì lónìí.

Bàbá rẹ ti ń fà mí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ká lè ríbi jókòó níwájú. Ó ní òun ò ní sunkún. Irọ́ ni.

Ìyá rẹ