Ẹ Má Kí I, Rọ́bà Ni

Sátidé, ọjọ́ kẹta

Ẹnu mi ló máa pa mí. Kì í ṣe ọtí, kì í ṣe mọ́tò. Ẹnu.

Nọ́ọ̀sì tó máa ń gbé yunifọ́ọ̀mù wá fún àtúnṣe dé sí ṣọ́ọ̀bù lónìí. Nínú ìwé yìí, Abẹ́rẹ́ ni màá máa pè é, torí abẹ́rẹ́ ló fi ń jẹun, abẹ́rẹ́ lèmi télọ̀ náà fi ń jẹun. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àwọn tí òun ń gún máa ń dúpẹ́. Ó jókòó díẹ̀. Mo bi í pé kí ló máa ń ṣe tí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní ilé àwòrán lòun máa ń lọ, ibi tí wọ́n ń gbé àwòrán kọ́ ògiri káwọn èèyàn wá wò ó. Ó ní ọkùnrin tó mọ bí wọ́n ṣe ń dúró wo nǹkan ṣọ̀wọ́n, pé ilé ọtí nìkan ni ọ̀pọ̀ wọn mọ̀nà.

Ó yẹ kí n dákẹ́. Mo ní, "Há! Gbogbo Sátidé ni mo ń wà níbẹ̀. Owó tí wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà nìkan ló ń dùn mí."

Ó wò mí. Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dùn débi pé mo rán ìka ara mi mọ́ ṣòkòtò oníṣòkòtò. Ó ní ìyá òun ń bọ̀ wá kí òun, kí àwa mẹ́ta jọ lọ ní Sátidé ọjọ́ kẹrìnlélógún, kí màmá lè fojú kàn mí.

Fojú kàn mí! Èmi tí mo ti lé lógójì, tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti gbààwẹ̀ ìyàwó fún títí òun fúnra ẹ̀ fi gbẹ bí igi. Ọ̀nà wá ṣí — mo fi irọ́ dí i.

Mi ò dé ilé àwòrán rí. Àwòrán kan ṣoṣo tí mo ní, ara kàlẹ́ńdà ló wà.

Mọ́ńdè, ọjọ́ karùn-ún

Mo gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ Ṣúmékà tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ fara ti tèmi. Ó gbé òòlù kalẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní, "Télọ̀, ìwọ tó jẹ́ pé tí wọ́n bá gbé fọ́tò ara ẹ fún ẹ, wàá dojú ẹ̀ kodò!" Ìgbà tó rẹ́rìn-ín tán ló wá sọ̀rọ̀ àgbà. Ó ní kí n tètè máa dá nìkan lọ kọ́ ọ, bí ẹni kọ́ṣẹ́. Tí mo bá dé iwájú àwòrán tí kò yé mi, kí n ṣu ẹnu jọ, kí n mirí, kí n ní "Hmm." Ó ní "Hmm" ti kó ọ̀pọ̀ ọkùnrin yọ.

Wẹ́sìdeè, ọjọ́ keje

Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa lọ́sàn-án. Mo lọ.

Ilé ńlá. Àtẹ̀gùn bíi ti kóòtù. Mo di owó mọ́wọ́, mi ò rẹ́ni gbà á. Obìnrin kan tó jókòó nídìí tábìlì ní kí n wọlé. Mo ní èló ni? Ó ní ọ̀fẹ́ ni. Mo ní láti ìgbà wo? Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí i.

Ọ̀fẹ́! Owó ẹnu ọ̀nà tó ń dùn mí ńkọ́? Bóyá Abẹ́rẹ́ ti gbàgbé. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì pọ̀, wọn ò lè máa rántí gbogbo ọ̀rọ̀.

Inú ibẹ̀ mọ́, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Bàtà mi nìkan ló ń sọ̀rọ̀ — fín-ín, fín-ín, bí eku tó há. (Ṣúmékà ló kàn án. Màá dé bá a.) Mo kan àwòrán kan tó funfun láti òkè délẹ̀. Mo ṣu ẹnu jọ, mo mirí, mo ní "Hmm." Ọkùnrin kan tó ń kọjá ní wọ́n ti gbé àwòrán ibẹ̀ lọ, pé ògiri ni mò ń wò.

Yàrá kẹta. Màmá àgbà kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n gbé báàgì lé itan, wọ́n sọjú kalẹ̀ bí ẹni tó ti rẹ̀. Wọ́n kọ́ mi nílé: a kì í gba ẹ̀gbẹ́ àgbà kọjá bí ẹni gba ẹ̀gbẹ́ òpó. Mo ní, "Ẹ kú ìsinmi o, mà." Wọn ò dáhùn. Mo rò pé etí ti wúwo. Mo sún mọ́ wọn, mo dọ̀bálẹ̀, "Ẹ kú ìjókòó, mà. Ẹ kú ooru." Kẹ́kẹ́. Inú wá ń bí mi. Mo ní, "Mà, tí wọ́n bá kí èèyàn, ṣebí ó yẹ kó jẹ́."

Ẹ̀ṣọ́ yàrá yẹn fọwọ́ kàn mí léjìká. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má kí i. Rọ́bà ni."

Rọ́bà! Irun, èékánná, iṣan ọwọ́, gbogbo ẹ̀. Ẹnì kan ló jókòó ṣe é bẹ́ẹ̀ kó lè jọ èèyàn. Àwọn ọmọléèwé kan ti ń di ara wọn mú kí wọ́n má ṣubú. Ọ̀kan nínú wọn tún bá mi kí i: "Ẹ kú ìjókòó, mà!"

Mo dọ̀bálẹ̀ fún rọ́bà. Ìyá mi lọ́run, ẹ má wòlẹ̀ o.

Tọ́sìdeè, ọjọ́ kẹjọ

Ṣúmékà ti gbọ́. Tó bá ti rí mi báyìí, á yíjú sí àga ẹ̀, á ní, "Ẹ kú ìjókòó, mà." Ta ló sọ fún un? Ẹnu mi.

Wẹ́sìdeè, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo padà lọ. Mo kọjá níwájú Màmá Onírọ́bà bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Mo tún ṣẹ́rí padà. Ojú télọ̀ kì í wo èèyàn, aṣọ ló ń wò, aṣọ gidi ni wọ́n sì wọ̀ fún un. Mo ní kí n yí ìṣẹ́tí ẹ̀ wò, bóyá ọwọ́ ni wọ́n fi rán an —

"Ẹ má fọwọ́ kàn án!"

Ẹ̀ṣọ́ ọjọ́sí ni. Má-fọwọ́-kàn-án lorúkọ ẹ̀ láti òní lọ. Ó ní kí n kó ọwọ́ sápò. Mo kó o sápò. Ọwọ́ ò fẹ́ jókòó. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń ní télọ̀ tí kò bá fọwọ́ kan aṣọ, ojú ń tàn án jẹ ni.

Àwòrán kékeré kan wà lápá ọ̀tún. Obìnrin kan ló wà lẹ́bàá fèrèsé, ó gbé abẹ́rẹ́ sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó fẹ́ ki òwú bọ̀ ọ́ lójú, ó di ojú kan. Mo dúró. Mi ò ṣu ẹnu jọ, mi ò ní "Hmm." Nígbà tí màá fi mọ̀, Má-fọwọ́-kàn-án ń ní àwọn fẹ́ tilẹ̀kùn. Àwọn oníbàárà ti wá, wọ́n ti bínú lọ. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí.

Sátidé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo lọ sí ilé kejì, ti ohun àtijọ́. Ọ̀fẹ́ lòun náà. Ìkòkò tó fọ́ tí wọ́n tún lẹ̀ pọ̀. Owó tí kò rà nǹkan kan mọ́. Mo dé ìdí gíláàsì kan, wọ́n tan iná sí i bí ẹni pé wúrà ló wà níbẹ̀. Kí ni mo rí? Áyọ́ọ̀nù eléèédú. Wọ́n kọ ọ́ síwájú ẹ̀ pé òun làwọn ará àtijọ́ fi ń lọ aṣọ.

Mo fi irú ẹ̀ lọ ṣòkòtò kan láàárọ̀ yìí. Kò tíì tutù.

Gíláàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ṣófo. Mo yára kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó ní kí n wọlé.

Túsìdeè, ogúnjọ́

Abẹ́rẹ́ wá gba yunifọ́ọ̀mù kan, ó fi kejì sílẹ̀. Màmá ti dé. Ó ní màmá òun kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, pé ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń wò lára èèyàn: bó ṣe ń kí àgbà. Ó ní ọkùnrin kan ti wá ṣáájú, ó kí wọn lóòró bí ẹni kí ẹgbẹ́ ẹ̀, ọjọ́ yẹn náà lọ̀rọ̀ ẹ̀ tán. "Ẹ jọ̀ọ́, ìkíni o."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Nínú mi lọ́hùn-ún mo ní: èmi tí mo ń kí rọ́bà?

Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Jẹ́ kí n kọ ọ́ tán kí n tó kú.

Abẹ́rẹ́ pàdé mi lórí àtẹ̀gùn. Ó ní màmá ń bọ̀ nínú takisí, pé òun máa dúró dè wọ́n níta, kí n máa wọlé lọ. Mo wọlé bí onílé. Mo kí obìnrin onítábìlì, mo kí Má-fọwọ́-kàn-án lẹ́nu ọ̀nà. Mo dé yàrá kẹta.

Wọ́n ti gbé ìkejì wá! Orí bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n gbé e sí, tòun ti Màmá Onírọ́bà. Arúgbó lòun náà, báàgì lórí itan, ó tẹjú mọ́ ògiri, kò mira. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní wọn ò lè rí mi mú lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tí ejò bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Tọkọtìyàwó kan ń bọ̀, ọkọ ti fẹ́ tẹrí ba. Àánú ẹ̀ ṣe mí. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ má kí i, rọ́bà ni. Tuntun lèyí. Wọn ò tiẹ̀ ṣe é dáadáa, ẹ wo imú ẹ̀."

Ọwọ́ mi jáde lápò. Mo gbé kọ́là aṣọ ẹ̀ sókè, mo yí inú ẹ̀ síta. Mo ní, "Ẹ wò ó, ọwọ́ ni wọ́n fi rán an, ó sì wọ́. Ẹni tó rán èyí, ó yẹ kí wọ́n gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀."

Rọ́bà ní, "Èmi ni mo rán an."

Tọkọtìyàwó yẹn sá. Kọ́là ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yìn mi ni mo ti gbọ́ ohùn Abẹ́rẹ́: "Màmá! Àṣé ẹ ti wọlé, mò ń dúró dè yín níta! Ẹ̀yin méjèèjì ti pàdé?"

Màmá ní, "A ti pàdé."

Mo na gbalaja sílẹ̀. Má-fọwọ́-kàn-án sáré dé, ó ní wọn kì í sùn sílẹ̀ níbí. Màmá ní kí Abẹ́rẹ́ mú àwọn lọ sílé. Abẹ́rẹ́ ò wẹ̀yìn.

Sọ́ńdè, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Mo ròyìn fún Ṣúmékà. Kò rẹ́rìn-ín. Tí Ṣúmékà ò bá ti rẹ́rìn-ín, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Túsìdeè, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Yunifọ́ọ̀mù Abẹ́rẹ́ ṣì wà lórí ìṣó. Mo ti lọ̀ ọ́. Mo tún lọ̀ ọ́.

Fúráìdeè, ọgbọ̀njọ́

Màmá wá sí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn nìkan. Wọ́n jókòó sórí àga oníbàárà, báàgì lórí itan, wọ́n tẹjú mọ́ ògiri.

Mo dọ̀bálẹ̀ títí àyà mi fi kó àgékù aṣọ. "Ẹ káàbọ̀, mà." Kẹ́kẹ́. "Ẹ kú ìrìn, mà." Kẹ́kẹ́. "Ẹ kú ìjókòó, mà. Ẹ kú ooru. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta." Wọn ò ṣẹ́jú.

Ṣúmékà na ọrùn wọlé, ó ti fẹ́ máa kí wọn.

Màmá ò yíjú. Wọ́n ní, "Má kí i. Rọ́bà ni."

Ṣúmékà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Èmi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n sunkún, mo wá ń ṣe méjèèjì pọ̀ nínú àgékù aṣọ.

Màmá ní kí n dìde. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ mi yìí wá bá àwọn nílé lánàá, ó ní èmi yìí ni mo dọ̀bálẹ̀ fún ère nítorí pé ó jọ àgbà, tí mo tún bá a jà pé kò dáhùn. Wọ́n ní, "Mi ò lè sọ pé wọn ò kọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílé. Ṣùgbọ́n kí ló ṣe imú mi?"

"Imú yín dáa, mà."

"Ọmọ mi ní ò ń sanwó wọlé síbẹ̀ ní gbogbo Sátidé." Wọ́n wá wò mí. "Ọjọ́ tó o sọ ọ́ ló ti mọ̀ pé irọ́ ni. Ó ní òun fẹ́ wò ó bóyá wàá sá àbí wàá lọ."

Wọ́n tú báàgì, wọ́n yọ aṣọ yẹn jáde, aṣọ kan náà, kọ́là kan náà. Wọ́n ní kí n tú u, kí àwọn rí ibi tó ti wọ́. Mo tú u. Mo fẹ́ ki òwú bọ abẹ́rẹ́, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n ní ojú àwọn ò tíì fọ́. Wọ́n sún mọ́ fèrèsé. Wọ́n gbé abẹ́rẹ́ sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Wọ́n di ojú kan.

Mo dúró wò wọ́n. Mi ò ní "Hmm."

Sátidé, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Àwa mẹ́ta lọ. Má-fọwọ́-kàn-án rí mi lókèèrè, ó ní kí n kó ọwọ́ sápò. Abẹ́rẹ́ ní kó má ṣèyọnu, òun máa bá a di ọ̀kan mú. Ó dì í mú.

Yàrá kẹta. Màmá Onírọ́bà wà níbẹ̀, báàgì lórí itan. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Mo ní kí n má tún bá ara mi jà. Mo dọ̀bálẹ̀: "Ẹ kú ìjókòó o, mà."

Màmá ló bá a dáhùn lẹ́yìn mi: "O ṣé o, àna mi."