Pa Ẹ́ńjìnnì Kí O Tó Juwọ́ sí Mi

Ọmọ mi àtàtà, àkọ́bí mi,

Mo kí ọ tọkàntọkàn. Mo mọ̀ pé ara rẹ le, torí mo fi ojú ara mi rí ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gíláàsì wà láàárín wa. Ara tèmi náà ń bẹ, ó kàn rẹ̀ mí ni. Ìyá rẹ ń kí ọ. Ó ní n kò gbọdọ̀ kọ nǹkan kan nípa ikọ́ mi, nítorí náà n kò ní kọ ọ́.

Wọ́n ti gbé wáyà iná dé ibi tí bàálù máa ń dúró sí lọ́dọ̀ wa. Ó pẹ́ tí àwa òṣìṣẹ́ ilẹ̀ ti ń bẹ̀bẹ̀ fún un. Bí bàálù bá ti dúró, a ó wọ́ wáyà náà lọ, a ó kàn án mọ́ abẹ́ imú rẹ̀, iná yóò dé, awakọ̀ yóò sì lè pa ẹ́ńjìnnì kékeré tó wà nídìí ọkọ̀, èyí tó ń tú èéfín sí wa lójú ní gbogbo ìgbà tí a fi ń já ẹrù. Wáyà ọ̀hún wúwo bí òkú màlúù. Èmi ni mo ń wọ́ ọ jù, ni wọ́n bá sọ mí ní Baba Oníwáyà.

Ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ kì í pa á. Wọ́n ní òun ló ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sínú ọkọ̀, pé ooru yóò mú èrò. N kò bá wọn jà, ooru kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ọ̀gá wa ti là á mọ́lẹ̀ pé bí oṣù yìí bá parí láìsí ẹni tó lò ó, wọn yóò kó wáyà náà lọ sí pápákọ̀ mìíràn. Inú èéfín la ó padà sí.

Ibẹ̀ ni ẹnu mi ti kó bá mi. Mo ní, "Ẹ fara balẹ̀. Ọmọ mi tó ń wa bàálù ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Bó bá ṣe pa á, àwọn tó kù á máa wò ó ṣe." Ẹlẹ́rù, ẹni tí a jọ ń já ẹrù, ní, "Baba Oníwáyà, ẹ rọra o. Ẹyin lọ̀rọ̀."

O dé lóòótọ́. Mo kan wáyà, mo na àtàǹpàkò sókè pé iná ti dé. O rí mi! O sún mọ́ fèrèsé, o ń juwọ́, o ń rẹ́rìn-ín, o ń pe ẹnì kejì rẹ kó wá wo bàbá rẹ. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi, àbí èéfín ni, n kò mọ̀. Torí ẹ́ńjìnnì ń ké ní gbogbo ìgbà tí o fi ń juwọ́, kò sì dákẹ́ títí o fi gbéra. Kò sẹ́ni tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹlẹ́rù kàn bá mi wọ́ wáyà padà ni. Ìyẹn ló dùn mí jù.

N kò bínú sí ọ. Ìdùnnú ló jẹ́ kí o gbàgbé, èmi náà ì bá gbàgbé. Wọ́n ní o tún ń bọ̀ kí oṣù tó parí. Bí mo bá ti na àtàǹpàkò, jọ̀wọ́, má wò mí. Pa á ná. Bí gbogbo ibẹ̀ bá ti pa lọ́lọ́, tí mo ń gbọ́ ìró bàtà ara mi lórí kọnkéré, mo ti mọ̀ pé o kí mi nìyẹn.

Ibikíbi tí o bá ti gbéra, ayọ̀ ni wàá fi balẹ̀. Àwọn tí o bá gbé yóò délé, ìwọ náà yóò délé.

Èmi ni bàbá rẹ, tó ń retí rẹ nídìí wáyà.

Mo tún rántí: ìyá rẹ ka lẹ́tà yìí kí n tó lẹ̀ ẹ́. Ó ní ikọ́ mi náà ni mo kọ. Mo ní níbo? Ó ní látòkè délẹ̀.