Orúkọ Ọdún Tó Wà Lórí Lẹ́tà Heigo

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹsàn-án, ọdún kẹrin Keiō. Òjò.
Heigo àbúrò mi gbéra láàárọ̀ yìí, òun àti lẹ́tà ìtúúbá wa. Àgọ́ ọmọ ogun Olú-Ọba wà lódìkejì odò, ìrìn ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n fún wa di ọ̀sán ogúnjọ́. Bí wọn ò bá gba lẹ́tà náà, àgbá yóò dún sórí ìlú. Ẹni tó gbé e lọ ni yóò kọ́kọ́ kú.
Èmi ni mo kọ ọ́. Láti ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń kọ gbogbo ohun tí Kábíyèsí ìlú wa àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ ń sọ – láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé. Orúkọ mi ò sí nínú ìwé kankan. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ ẹ. Èmi náà ni mo ní kí wọ́n rán Heigo, torí kì í tètè bínú. Ó ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, lẹ́tà yín ti dùn jù. Wọ́n á ní kí n kúkú máa gbé ọ̀dọ̀ àwọn.”

Ọjọ́ kẹrìndínlógún. Òjò.
Tose ìyàwó mi gbé oúnjẹ Heigo kalẹ̀, bí a ti ń ṣe fún ẹni tó wà lójú ọ̀nà. Ó ṣí ọmọrí abọ́: omi wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ní ara Heigo le nìyẹn. Ìresì gbígbóná ni – mi ò sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún. Kùrukùru.
Ìwé dé láti Kyoto. Olú-Ọba ti pa orúkọ ọdún dà. Kò sí Keiō mọ́. Meiji ni, láti ọjọ́ kìíní ọdún yìí.
Keiō ni mo kọ sórí lẹ́tà Heigo.
Àwọn tó ṣì ń bá Olú-Ọba jà lórí òkè, Keiō ni wọ́n ń kọ. Ẹni tó bá fi í sórí ìtúúbá ti sọ pé irọ́ ni òun ń pa.
Oníyọ̀ kan sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ kẹrìnlá, tàdáwà ò tíì gbẹ. Mo bi í léèrè ta ló rí ìwé náà. Kò mọ̀. Nílé ẹ̀kọ́ gíga ní Edo, ìlú tó tóbi jù nílẹ̀ Japan, wọ́n kọ́ mi pé n kò gbọdọ̀ kọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò fojú rí. Mo jẹ́ kí Keiō wà níbẹ̀.
Mo sáré lọ bá Àpáta – Nishigori, olórí ìgbìmọ̀. Ó ní, “Ìwọ Shume tó ka gbogbo ìwé Edo tán, ọdún tí a wà lo ò mọ̀!”
Mo ní kí a kọ òmíràn. Ó ní èdìdì kì í jáde nínú àpótí àfi lójú àgbà mẹ́ta, ẹ̀kẹta sì ti bínú lọ bá àwọn tó ń jà lórí òkè, ọjọ́ tí Heigo gbéra gan-an. Mo ní, “Bàbá, àbúrò mi yóò kú.” Ó ní, “Kí ni kí n ṣe? Kí n fọ́ àpótí?”
Mo kọ lẹ́tà tuntun, mo fi Meiji sí i, mo gbé e wọlé tọ Kábíyèsí lórí àìsàn. Mi ò ṣe irú rẹ̀ rí. Ó ní kí n gbé òun jókòó, ó gba gègé, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ sí i dípò èdìdì.
“Ta ni yóò gbé e?”
“Èmi ni, Kábíyèsí.”
“Wọn ò mọ̀ ọ́ níbẹ̀.”
“Wọn ò mọ̀ mí níbì kankan, Kábíyèsí.”
Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo gbéra kí oòrùn tó wọ̀.

Ọjọ́ kejìdínlógún.
Ẹsẹ̀ ti bó. Lónìí ni Heigo yóò dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ọjọ́ kọkàndínlógún. Òjò.
Ìyá onílé-àlejò rántí Heigo. “Ọmọ ẹlẹ́rìn-ín yẹn? Ó ní ọbẹ̀ mi dà bí omi ìfọṣọ. Ó sì jẹ abọ́ mẹ́ta!” Mi ò lè jẹ ti tèmi. Mo ṣí ọmọrí abọ́ ìresì náà, mo yẹ abẹ́ rẹ̀ wò.
Ó gbẹ. Ìresì àná ni.

Ogúnjọ́, oṣù kẹsàn-án, ọdún kìíní Meiji. Ojú ọ̀run mọ́.
Mo dé etí odò láàárọ̀. Ẹ̀ṣọ́ Olú-Ọba kan gba lẹ́tà, ọjọ́ ló kọ́kọ́ kà. “Èyí dára.” Mo bi í nípa ti àkọ́kọ́. Ó ní òun ò sí lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà.
Atukọ̀ ní òun gbé ọkùnrin kan sọdá níjẹta, tó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ títí dé òdìkejì. Òun ò tíì gbé e padà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà wọ́n ní kí òun gbé ẹní tuntun méjì àti aṣọ funfun wá. Ẹní tuntun ni a fi ń gba àlejò pàtàkì. Orí rẹ̀ náà ni a ń jókòó sí tí wọ́n bá pàṣẹ pé kí a fọ̀bẹ la ikùn ara wa kú.
Mo ní, “Èwo ni nínú méjèèjì?”
Ó ní, “Bàbá, ọkọ̀ ni mo ń tù.” Ó gbé ẹ̀ṣọ́ àti lẹ́tà mi lọ.
Ọ̀sán ti kọjá. Àgbá kankan ò dún.
Ọkọ̀ ti ń padà bọ̀. Oòrùn ń tàn lójú omi, mi ò rí ojú ẹnikẹ́ni. Orí mẹ́ta ni mo kà. Atukọ̀ ni ọ̀kan. Ẹ̀ṣọ́ ni ọ̀kan.