Yàrá Túbọ̀sún Lábẹ́ Igi Ẹ̀gà

Ọjọ́ Ajé, 11 Épírì 1988
Àwọn ẹ̀gà ti tún dé sórí àgbọn ẹ̀yìnkùlé. Ariwo! Akọ wọn pupa rúsúrúsú, orí dúdú, ojú bí ẹ̀jẹ̀. Abo wọn dà bí ẹni fi eruku wẹ̀. Wọ́n ti ya imọ̀ àgbọn mi tán. Lábẹ́ ibẹ̀ ni Túbọ̀sún, àkọ́bí mi, ti ń to búlọ́ọ̀kù. Yàrá kan àti pálọ̀, fún òun àti Lydia, àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Túbọ̀sún ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì! Ọkàn mi ò balẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 14 Épírì
Akọ kan — Ojú-Ẹ̀jẹ̀ ni mo ń pè é — ti hun ilé tirẹ̀ tán. Ó dorí kodò sábẹ́ rẹ̀, ó ń ju apá, ó ń pe abo. Abo wọlé, ó fẹnu fa ibí, ó fa ọ̀hún, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àìkú, 17 Épírì
Ilé Ojú-Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ. Tútù ni abo ń fẹ́, wọn kì í wo gbígbẹ. Mo sọ ọ́ fún Túbọ̀sún nídìí oúnjẹ: "Ìwọ náà ti ń gbẹ o." Mobọ́lá àbúrò rẹ̀, ọlọ́mọ mẹ́ta, ní, "Màmá, ẹ fi bọ̀ọ̀dá mi sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́." Ó rọrùn fún un láti sọ.

Ọjọ́rú, 20 Épírì
Ojú-Ẹ̀jẹ̀ fẹnu ara rẹ̀ tú ilé náà palẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 22 Épírì
Túbọ̀sún ní Lydia ò gbọdọ̀ rí yàrá náà títí òun yóò fi kan páànù, tí òun yóò sì kùn ún. Ìgbà wo? Mo lọ bá Lydia ní Jíbówú níbi tó ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀. Mo ní kó wá wò ó lọ́la.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 Épírì
Ó wá. Túbọ̀sún wà níbi iṣẹ́ ní Muṣin. Ògiri tí a ò tíì rẹ́, omi òjò nínú pálọ̀. Lydia ká síkẹ́ẹ̀tì sókè. "Ẹ̀n-ẹ́n, Màmá, ewúrẹ́ mélòó lẹ fẹ́ máa so síbí?" Mo ní yàrá yín ni. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀gà yàgbẹ́ sí i léjìká. Kò jẹ́ kí n bá a nù ún.

Ọjọ́ Ajé, 25 Épírì
Òrùka tí Túbọ̀sún fún Lydia ti padà wá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló fi rán: "Lydia ní kí n sọ fún yín pé ìyá yín ti mú òun wo ilé." Túbọ̀sún wò mí. Ó kàn wò mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26 Épírì
Òòlù Túbọ̀sún ń dún láti àárọ̀. Kí oòrùn tó kàn tàrí, ògiri kan ò sí lóòró mọ́. Mo ké sí i láti ojú fèrèsé pé ẹ̀gà pàápàá máa ń tún un kọ́, lójú ibẹ̀ náà. Kò wo òkè.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 30 Épírì
Ó ti kó ẹrù. Mo bi í níbo. "Níbi tí ẹ ò ti ní lè pe èèyàn wá wò mí, Mà." Ó dọ̀bálẹ̀ kó tó lọ — ìyẹn ló dùn mí jù.

Ọjọ́ Àìkú, 1 Méè
Mobọ́lá mọ ibi tí ó lọ. Mo mọ̀ pé ó mọ̀. Mo bi í lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ń di irun ọmọ rẹ̀, kò dúró. "Màmá, mi ò mọ̀ o."