Ìdènà Omi Ẹnu Ọ̀nà Wa

Bàbá Ṣemílọ́rẹ, ẹ kú ojúmọ́. Mo ti lọ sí Àlàbá. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín wà nínú kúlà.

Ẹ foríjì mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo ti ń gbàdúrà kí Olúwa yí ọkàn yín padà, torí ẹ ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. "Máa lọ, ó rẹ̀ mí," lẹ ń wí ṣáá. Láàárọ̀ yìí, ẹ ṣì ń sùn, mo jókòó sínú àga onítáyà tí ẹ fi ń rìn láti wọ bàtà, mo bá yí i dé ẹnu ọ̀nà. Ìdènà tí mo ní kí wọ́n mọ nítorí àgbàrá ló dá mi padà lẹ́ẹ̀mẹta. Àkànní ọkọ mi, ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí tí kì í gbọfà lẹ́yìn, ohun tí adìyẹ ń fò kọjá ni mo fi há yín mọ́lé! Ẹ ò sì sọ. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Sàká bíríkìlà ń bọ̀ láti Ìjànìkín láago mẹ́wàá, á wó ìdènà náà. Ẹ má lé e o. Bí ìyá onílé bá pariwo, ẹ ní èmi ni. Mo ti gbé àpò ìrẹsì sórí tábìlì. Omi tó bá fẹ́ wọlé, kó máa bọ̀, kí ẹ̀yin ṣáà ti ráyè jáde.

Àjọkẹ́ yín.