Òkúta Tí Mo Fi Ka Bọ́ọ̀lù

Ojúlé Kẹtàdínlógún,
Òpópónà Akínọlá,
Ìfọ̀,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Karùn-ún, ọdún 2025.

Ìyá Sàhéèdì, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Orúnkún rẹ ńkọ́? Ṣé o ti ń lè forí balẹ̀ kírun, àbí orí àga náà lo ṣì ń jókòó sí? Bàbá Sàhéèdì ńkọ́? Ṣé omi òjò kò tíì wọ yàrá yín ní Òkè-Àró lọ́dún yìí? Ara tèmi le. Ọkàn mi ni kò balẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, Ìyá Sàhéèdì, n kò sì ní í fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ọ.

Mo ti pè ọ́ lórí fóònù tó ìgbà mẹ́sàn-án, o kò gbé e. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n kọ lẹ́tà. Fẹ́yìsayọ̀, ọmọ Gbémiga ọmọ mi, ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ti sọ fún un pé bí mo bá ṣe ń sọ ọ́ ni kó ṣe máa kọ ọ́, kódà bí ọ̀rọ̀ bá kan òun alára.

O rántí bí ìjà wa ṣe bẹ̀rẹ̀. Aṣọ́lé méjì ni ẹgbẹ́ họ́kì àwọn ọmọbìnrin yìí, àwọn tí ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, ní: Rasheedah, ọmọ ọmọ tìrẹ, àti Fẹ́yìsayọ̀ tèmi. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè dúró sẹ́nu ilé tí wọ́n bá lọ pàdé àwọn ará Mówè ní Sátidé. Kóòṣì Ọ̀ṣuntóyìn mú Rasheedah. Mo fárígá. Mo sọ lójú gbogbo èèyàn pé torí mọ́ṣáláṣí kan náà tí òun àti ìwọ jọ ń lọ ló ṣe mú un. Ọ̀rọ̀ náà dun ọkùnrin yẹn. Ó ní, "Ó dáa, Màmá. Bọ́ọ̀lù tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn bá mú, ẹ máa kà á fúnra yín. Mo ti yọ ẹnu mi kúrò níbẹ̀."

N kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo mọ òkúta kà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó létí pápá, pẹ̀lú abọ́ méjì níwájú mi. Tí ọmọ kan bá dá bọ́ọ̀lù dúró, màá ju òkúta kan sínú abọ́ tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí, mọ́kànlá ni ti Rasheedah, mọ́kàndínlógún ni ti Fẹ́yìsayọ̀. Kóòṣì yí i padà, ó mú Fẹ́yìsayọ̀. Ìwọ ní, "Òkúta rẹ ń parọ́, Ìyá Gbémiga." Èmi ní kí o lọ fi omi tútù bọ́jú, kí o wá tún un kà. O fa Rasheedah lọ́wọ́, ẹ lọ. Ọmọ náà kò wá sí pápá mọ́ látọjọ́ náà.

Òótọ́ lo sọ. Òkúta mi parọ́.

Nírọ̀lẹ́ àná, mo tún lọ wò wọ́n. Ìyá Delight jókòó tì mí, ọmọ tirẹ̀ náà wà nínú ẹgbẹ́ yẹn. Mo gbọ́ gbàà! Mo kígbe pé, "Ó mú un!" Obìnrin náà yíjú sí mi. "Ó mú kí ni, Mà? Ó ti wọlé! Pákó ẹ̀yìn ilé lẹ gbọ́ yẹn. Àbí ẹ ń sùn ni?"

N kò sùn. Mo dijú ni. Bọ́ọ̀lù yẹn le bí òkúta, ìwọ náà ti fọwọ́ kàn án rí. Tí wọ́n bá ti gbé igi sókè pé kí wọ́n gbá a sí Fẹ́yìsayọ̀, ojú mi á pa dé fúnra rẹ̀. N kò fẹ́ rí ibi tó máa bà á. Ṣùgbọ́n tó bá kan Rasheedah, ojú mi á là kedere, gbogbo èyí tó bá wọlé ni màá rí. Ojú ni mo fi ka tìrẹ, etí ni mo fi ka tèmi. Páàdì ẹsẹ̀ ọmọ àti pákó tí wọ́n kàn sí ìsàlẹ̀ ilé, gbàà kan náà ni wọ́n ń dún sí mi létí. Èyí tó wọlé gan-an, mo ju òkúta fún un. Mo pe kóòṣì ní olójúsàájú, èmi ni mo ṣe ojúsàájú.

Mo lọ bá a láàárọ̀ yìí, mo sọ ọ́ fún un. Kò bú mi. Ó kàn ní, "Màmá, ẹ lọ bẹ ẹni tí ẹ lé lọ."

Ibi tí mo dé yìí ni Fẹ́yìsayọ̀ ti fi báírò sílẹ̀. Mo ní kó máa kọ, kò kọ. Mo rò pé inú ló ń bí i. Ló bá ní, "Màmá, èmi náà máa ń dijú."

Mo ní, "Dijú báwo?"

"Tí bọ́ọ̀lù bá ti ń bọ̀. N kì í rí i. Èyí tó bá ṣèèṣì bà mí lára nìkan ni mò ń mú."

"Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Ẹ ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé èmi ni mo mọ̀ ọ́n jù, Mà."

Ìyá Sàhéèdì, wọ́n ní ọmọ kan wà ní Mówè tó gbá bọ́ọ̀lù lu pákó tí pákó fi là. Lóòótọ́ akoto wà lórí ọmọ, àmọ́ ọrùn rẹ̀ ńkọ́? Mo ní kó má lọ mọ́. Ó ní òun máa lọ, pé àwọn ẹgbẹ́ òun kò ní aṣọ́lé mìíràn, òun kò ní já wọn kulẹ̀. Orí kunkun yẹn, ọ̀dọ̀ mi ló ti jogún rẹ̀.

N kò ní kí Rasheedah wá fara gba nǹkan nítorí tèmi. Rasheedah ń rí bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyẹn, òun náà sì ni n kò fẹ́ rí. Jọ̀wọ́, mú un wá ní Fúráìdè. Màá sọ pé irọ́ ni òkúta mi, níwájú gbogbo àwọn tí mo ti pariwo létí wọn. Mo ti da gbogbo òkúta náà sí gọ́tà.

Bá mi kí Bàbá Sàhéèdì àti gbogbo ará ilé. Sọ fún Rasheedah pé kó má bínú sí mi.

Tí ẹ kò bá wá, èmi náà yóò lọ sí Mówè. Ẹ̀yìn ilé tí Fẹ́yìsayọ̀ bá ń ṣọ́ gan-an ni màá dúró sí, màá sì la ojú mi sílẹ̀. Ẹnì kan nínú èmi àti òun gbọ́dọ̀ rí bọ́ọ̀lù náà bó ṣe ń bọ̀.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí o kò gbé fóònù rẹ̀,
Ìyá Gbémiga.